Máìkì Tí Raliat Rà ní Takie

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Mùílì Ìkéde ṣì wà láyé. Àlùfáà Israfil tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú lẹ́bàá ilé wọn náà ṣì wà. Kódà mọ́tò Dátúsìn tó ní sípíkà méjì lórí ṣì ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títì ni wọ́n máa ń tì í kó tó dáhùn. Bí Safurat bá jókòó báyìí tó ń rántí àwọn tó ti lọ, ohun tó máa ń dùn ún ni pé gbogbo wọn ló pé nígbà náà, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mọ̀ pé àwọn pé.

Safurat ni ìyàwó Mùílì. Ilé wọn wà ní Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, iṣẹ́ ìkéde sì ni iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kú ní Ọ̀yọ́, pàápàá Mùsùlùmí tí wọ́n fẹ́ sin lọ́jọ́ náà gan-an, ilé Mùílì ni wọ́n máa ń sáré wá. Mùílì á wọ mọ́tò, á gbé máìkì sẹ́nu, á sì yí ìlú po. Kí oòrùn tó kan àtàrí, kò sí ẹni tí kò ní mọ orúkọ òkú, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, agbo ilé rẹ̀, àti àsìkò tí wọ́n máa kírun sí i lára. Àwọn èèyàn tilẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí Mùílì kò bá tíì kéde, onítọ̀hún kò tíì kú tán.

Àfi ìgbà tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Dókítà ní kó má pariwo mọ́. Ohùn tó máa ń ti Òwódé dún dé Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ wá di ohùn tí Safurat tó sùn tì í gan-an ní láti tẹ́tí sí. Ó fi iṣẹ́ náà lọ Kabir, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ta táyà. Kabir ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ò lè máa pe orúkọ òkú kiri ìgboro.” Ni Mùílì bá fa mọ́tò lé Mashood, ọmọṣẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́. Ọmọlúàbí ni Mashood, ó mọ mọ́tò í wà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta.

“Ìyá Kabir,” Mùílì sọ fún Safurat lọ́jọ́ kan, “bí mo bá lọ báyìí, ohùn yẹn lọ nìyẹn. Ohùn bàbá mi ni. Bàbá bàbá mi ló ni ín kó tó di tiẹ̀.”

Safurat mọ ibi tí ohùn náà wà. Raliat, ọmọ Kabir, tó ń kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló gbé e. Bí ọmọ náà bá pè é lórí fóònù, tí Safurat bá dijú, bí ẹni pé Mùílì ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ló ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Ohùn náà nípọn, ó tutù, kì í kánjú.

Nígbà ìsinmi, Raliat wálé. Ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà méjèèjì, ó ní òun ní ọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Ìbàdàn tó ń wá ẹni tí yóò máa ka ìmọ̀ràn sórí fóònù fún àwọn àgbẹ̀, ìgbà tí òjò yóò rọ̀, ìgbà tí wọn yóò gbin nǹkan. Àgbẹ̀ kàn máa tẹ nọ́ńbà ni, yóò sì gbọ́ ohùn lédè Yorùbá. Wọ́n ti gbọ́ ohùn òun lórí fóònù, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní kí òun ka nǹkan kan ránṣẹ́ láti inú máìkì gidi. Bó bá dára, òun ni wọn yóò gbà.

“Láti inú ilé ni màá ti máa ṣe é, Bàbá.”

“Inú ilé?” Mùílì wojú ìyàwó rẹ̀. “Ta ló wà nínú ilé tó fẹ́ gbọ́ ẹ?”

“Fóònù ló máa gbé e lọ, Bàbá.”

“Hẹn-ẹ́n.” Safurat ń wò ó, ó rí i pé ojú rẹ̀ ti ń yí padà. “Ṣé wọ́n máa mọ̀ pé ọmọ Ọ̀yọ́ lo jẹ́?”

“Bí mo bá ti lanu, wọ́n á mọ̀.”

Bí Mùílì ṣe dìde nìyẹn, tó lọ mú owó tó ti fi pamọ́ láti fi tún ẹ́ńjìnnì mọ́tò ṣe. Safurat fi owó àjọ rẹ̀ kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ju èyí tó lè ra máìkì kan lọ. Bí wọ́n bá ra èyí tí kò dára, kò sí òmíràn mọ́, iṣẹ́ náà sì lọ nìyẹn.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mùílì ní òun ò lè jẹ́ kí ọmọdé dá ra máìkì, òun tí òun fi máìkì jẹun láti ìgbà èwe òun. Ó wọ agbádá, ó dé fìlà. Ṣọ́ọ̀bù Ọládépò ní Takie ni wọ́n bọ́ sí. Sípíkà ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ga tó ọmọdé, ó sì ń gbin bí ẹni pé ó fẹ́ sọ nǹkan.

“Ẹ káàbọ̀, Alàájì. Ẹ káàbọ̀, Màmá.” Ọládépò gbé àga fún Safurat. “Ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí mọ́ṣáláṣí?”

“Inú ilé ni,” Raliat dáhùn. “Mo fẹ́ èyí tó jẹ́ pé ẹni tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló máa gbọ́. Kó má gbọ́ aládùúgbò.”

Ọládépò gbé mẹ́ta síta. Àkọ́kọ́ tóbi, ó ń dán bíi fàdákà. Ó ní èyí gbọ́ gbogbo nǹkan, títí kan eṣinṣin tó bà lára ògiri, àwọn tí ògiri ilé wọn nípọn ni wọ́n máa ń rà á. Owó wọn kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkejì jẹ́ irin dúdú kúkúrú kan tó dà bí ọmọ orí odó, tó ní wáyà kan nídìí. Kò lẹ́wà rárá. Ẹ̀kẹta jẹ́ méjì nínú àpótí kan, aláwọ̀ góòlù, wọn kò ní wáyà, aṣọ rírọ̀ pupa ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ wọn.

“Èyí dúdú yìí ni, Bàbá,” Raliat rọra sọ. “Ẹnu ẹni gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí kó tó gbọ́. Ariwo òde kì í wọ̀ ọ́ bọ̀rọ̀.”

“Jẹ́ kí n gbọ́ ọ nínú sípíkà.”

“Kò lè jáde níbẹ̀, Alàájì,” Ọládépò wí. “Inú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń wọ̀.”

Mùílì bú sẹ́rìn-ín. “Máìkì tí kò lè pariwo! Kí la fẹ́ fi ṣe, ká fi gúnyán? Fún ọmọ yìí ní góòlù yẹn.”

Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Ó ká agbádá sí èjìká, ó sọdá títì láàárín àwọn ọlọ́kadà, ó dúró ní òdìkejì, ó gbé ọwọ́ sí etí. Bí wọ́n ṣe máa ń dán máìkì wò nínú iṣẹ́ tiwọn nìyẹn, ibi tí ohùn bá dé ni iye rẹ̀. Ọládépò ti yí nǹkan kan lára ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ́kò ti bọ́ sí i, irú èyí tó máa ń mú kí ohùn ẹni dà bí ohùn tó ń ti orí òkè bọ̀.

“Sọ̀rọ̀!” Mùílì juwọ́.

“Ẹ káàárọ̀ o,” Raliat wí.

“Ẹ káàárọ̀, Àǹtí!” gbogbo ọlọ́kadà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mùílì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láàárín títì. “Ó dé bí! Ó dé bí o!”

Raliat wojú Safurat. Safurat wolẹ̀. Ta ló fẹ́ kọ̀ fún bàbá àgbàlagbà lójú ọlọ́jà, nígbà tó jẹ́ pé owó mọ́tò rẹ̀ ló kó wá, tí gbogbo Takie sì ń yọ̀ mọ́ ọn? Wọ́n san owó. Mùílì fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí náà lé itan délé.

Ní pálọ̀ ni Raliat ti ka nǹkan tí wọ́n ní kó kà. Ó kà á dáadáa, ó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Safurat wà lẹ́yìnkùlé tó ń sá aṣọ nígbà tí ọmọ náà wá bá a, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Kí ni wọ́n wí, Àwẹ̀ró?” Oríkì rẹ̀ nìyẹn.

“Wọ́n ní ohùn mi dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ń dún bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá ni mo wà. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ewúrẹ́. Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Mátíù. Wọ́n ní kí n tún un ṣe kó tó di Jímọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á mú ẹlòmíràn.” Ó fi etí ìró nu ojú. “Ìyá àgbà, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Bàbá? Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ló yàn án.”

Safurat sá aṣọ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dáhùn. “Má sọ fún un. Jẹ́ kó gbọ́ ọ.”

Raliat ní ọ̀rẹ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, Oyèrónkẹ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó máa ń ka ìtàn Bíbélì sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ìjọ wọn. Irú máìkì dúdú yẹn ló ń lò. Ilé rẹ̀ ni Raliat lọ lọ́jọ́ kejì, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀, ó gbé e bọ̀ nínú fóònù. Nígbà tó padà dé, ó kó fóònù àti íápíìsì fún ìyá àgbà rẹ̀, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìn lọ fọ abọ́.

Mùílì kò fi nǹkan sétí rí láyé rẹ̀. “Kí lèyí? Ṣé ẹ̀rọ adití ni?”

“Ẹ fara balẹ̀, Alàájì,” Safurat wí. Ó fi sí i létí, ó tẹ fóònù bí ọmọ náà ṣe kọ́ ọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, títí Safurat fi máa darúgbó ju báyìí lọ, kò ní gbàgbé. Mùílì yíjú sẹ́yìn wàrà. Ó wo ẹ̀yìn àga. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. “Raliat? Níbo lo wà?”

“Ó ń fọ abọ́ lẹ́yìn.”

“Irọ́ ni. Ó wà níbí. Mo gbọ́ bó ṣe mí.” Ó yọ íápíìsì náà, ó gbọ́ ariwo abọ́ láti ẹ̀yìnkùlé, ó tún fi í sétí. Ó gbọ́ ọ tán, ó tún gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀.

“Ìlú ni èmi máa ń pè,” ó wí. “Ẹnì kan ni ọmọ yìí ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo, létí ibẹ̀ yẹn.” Ó wojú ìyàwó rẹ̀. “Èyí dúdú yẹn ni, àbí?”

“Òun ni.”

“O ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn?”

“Mo fura díẹ̀.”

“O ò sì sọ fún mi!”

“Alàájì, ẹ ti na ọwọ́ méjèèjì sókè láàárín títì. Ta ló fẹ́ wá fà wọ́n wálẹ̀?”

Ẹ̀rín gbé Mùílì débi tí ikọ́ fi dá a dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún dé Takie. Ọládépò rí àpótí góòlù náà, ojú rẹ̀ yí. “Alàájì, ẹ dákun. Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ẹ wo ibi tí mo kọ ọ́ sí.”

Bí wọ́n ṣe ń bá a sọ ọ́ lọ ni ọkùnrin kan wọlé, Díákónì Josiah láti Ìkòyí-Ilé. Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ni ìjọ rán wá ra máìkì fún ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní ilé ìjọ́sìn àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tóbi sí i ni, àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn kì í gbọ́ nǹkan kan. Mùílì kò jẹ́ kí Ọládépò lanu. Ó ṣí àpótí náà síwájú díákónì.

“Wo èyí, Díákónì.”

“Ó rẹwà o. Ṣé ohùn rẹ̀ máa ń rìn jìnnà?”

“Ṣé ó máa ń rìn? Ẹ lọ dúró sí òdìkejì títì.”

“Èmi?”

“Ibi tí mo dúró sí ni kẹ́ ẹ lọ dúró sí.”

Díákónì sọdá. Àwọn ọlọ́kadà ti rí Mùílì, wọ́n ti ń pariwo, “Alàájì Ó-Dé-Bí! Ẹ káàbọ̀ padà!” Mùílì gbé máìkì góòlù náà sẹ́nu. Ọ̀fun rẹ̀ tó ti bàjẹ́ yẹn ló fi rọra sọ ọ́, kò pariwo, “Ẹ káàbọ̀ sí Takie, Díákónì.” Sípíkà gbà á, ẹ́kò tì í lẹ́yìn, ohùn náà kún títì bíi ti àtijọ́. Safurat tó jókòó lórí àga dìde láìmọ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti gbọ́ ọkọ rẹ̀ báyẹn kẹ́yìn.

Lódìkejì, Díákónì Josiah gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Bí wọ́n ṣe rọ́nà nìyẹn. Díákónì san owó máìkì góòlù fún Ọládépò, Ọládépò fún Raliat ní dúdú, ó tún fi irin tí wọ́n máa ń gbé e lé àti kànrìnkàn tí wọ́n máa ń fi bo ẹnu rẹ̀ kún un. Ó ní, “Alàájì, ẹ ò wá bá mi tajà?”

“Owó mi wọ́n,” Mùílì dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n máìkì nìkan kò tó. Nígbà tí wọ́n délé, Raliat yẹ gbogbo yàrá wò, ó ń pàtẹ́wọ́ níbi gbogbo, ó ń gbọ́ bí àtẹ́wọ́ náà ṣe ń dún padà. Ó dé yàrá kékeré tí ìyá àgbà rẹ̀ ń kó àpótí aṣọ sí, ó dúró.

“Ìyá àgbà, ibí ni. Ṣùgbọ́n ó kù kí ohun tó rọ̀ bo ògiri.” Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ èyí tó kù. “Aṣọ yín.”

Safurat wo àpótí aṣọ rẹ̀. Àwọn aṣọ náà kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń kọ́ sí ìṣó. Sányán tí Mùílì fi gbé e níyàwó wà níbẹ̀. Àdìrẹ tí ìyá rẹ̀ rẹ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Aṣọ ìkómọ Kabir wà níbẹ̀, àti kíjìpá wúwo kan tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi bò ó lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, nígbà tí òjò ń rọ̀. Ó jókòó lórí àpótí, ó wo ọmọ náà.

“Gbé òòlù wá,” ó wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíjìpá ló fi sí ẹnu ọ̀nà, nítorí òun ló nípọn jù. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán láàárín wọn, ohùn rẹ̀ kò padà wá bá a. Bí ẹni pé gbogbo àwọn tó ti wọ aṣọ náà rí ń tẹ́tí sí i.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Raliat wọ yàrá aṣọ náà pẹ̀lú máìkì dúdú rẹ̀. Mùílì gbé bẹ́ńṣì síta, ó jókòó sí ojú ọ̀nà, ó di ọ̀pá mú. Ó lé ewúrẹ́. Ó bẹ Ìyá Mátíù pé kó dúró díẹ̀ kó tó tan ẹ̀rọ ìlọta. Àlùfáà Israfil ń kọjá lọ, ó kí i tariwotariwo bó ṣe máa ń kí i.

“Ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀!” Mùílì fi ìka sẹ́nu. “Ẹ rọra, Àlùfáà. Ọmọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Israfil dúró, ó wò ó tìyanu-tìyanu. “Mùílì Ìkéde! Ìwọ lò ń sọ fún èèyàn pé kó dákẹ́?”

“Èmi ni. Ẹ jókòó tì mí, kẹ́ ẹ panu mọ́.”

Àlùfáà jókòó lóòótọ́. Safurat rí àwọn méjèèjì láti ojú fèrèsé, wọ́n panu mọ́ bí ọmọ kéwú.

Ilé iṣẹ́ Ìbàdàn gba Raliat. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, Díákónì Josiah pè láti Ìkòyí-Ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ̀rọ̀ tán. “Alàájì! Mo tẹ nọ́ńbà àwọn àgbẹ̀, ọmọ yín ló dáhùn! Ó ní ká má tíì gbin àgbàdo. Gbogbo wa ló dúró nínú oko tí à ń gbọ́ ọ!”

Láti ọjọ́ náà, Mùílì tí kò ní oko, tí kò ní ju ìdí ata méjì lọ lẹ́yìnkùlé, kò jẹ́ kí nọ́ńbà àgbẹ̀ sinmi. Bí ó bá kírun òwúrọ̀ tán, á tẹ̀ ẹ́, á gbé fóònù sétí. Bí Raliat bá ní, “Ẹ kú iṣẹ́ oko o,” Mùílì á dáhùn pé, “O kú iṣẹ́, ọmọ mi.” Bí àlejò bá wà níbẹ̀, á gbé fóònù sí onítọ̀hún létí: “Gbọ́ ọ. Kò pariwo. Ọ̀yọ́ ni, àbí òun kọ́?” Safurat á ṣe bí ẹni pé òun kò rí i, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á máa dùn.

Ọdún méjì ló fi gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ó jẹ́ ọjọ́ Àlàrùba. Mùílì kírun òwúrọ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì dìde mọ́. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n máa sin ín. Mashood gbé mọ́tò wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Màmá, mi ò lè pe orúkọ ọ̀gá mi. Ẹnu mi ò gbà á.”

Raliat, tó ti wà nílé láti ọjọ́ Sátidé, wojú ìyá àgbà rẹ̀. Safurat mú un lọ́wọ́ lọ sí yàrá aṣọ, ó ká kíjìpá ẹnu ọ̀nà sókè fún un, Raliat wọlé. Òun dúró síta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí aṣọ náà mú kí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ẹkún má baà wọlé. Kò gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń sọ. Nígbà tí Raliat jáde, ó fi fóònù tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sí lé Mashood lọ́wọ́, kó fi sí sípíkà mọ́tò.

Safurat jókòó láàárín àwọn obìnrin. Ó gbọ́ nígbà tí mọ́tò lọ sí Akẹ̀sán, ó gbọ́ nígbà tó ń yí bọ̀. Ohùn kan ń ti orí rẹ̀ bọ̀, kò pariwo, kò gbọ̀n, bí ẹni tó jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń sọ fún un.

“Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹni tó máa ń sọ fún yín nípa èèyàn yín, òun la wá sọ fún yín nípa rẹ̀ lónìí. Alàájì Mùílì Oyèdèjì ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run láàárọ̀ yìí. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán la ó kírun sí i lára. Èmi Raliat, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni mo ní kí n wí fún yín. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbọ́, ẹ bá mi sọ fún un.”

Lójú ọ̀nà, obìnrin kan bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, “Ohùn ta nìyẹn?”

“Ohùn Mùílì ni,” ẹnì kejì dá a lóhùn. “Ọmọ Kabir ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀.”

Safurat gbọ́ ọ. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Mọ́tò náà kọjá lọ sí apá Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, gbogbo ìlú gbọ́, Mùílì Ìkéde sì kú tán lọ́jọ́ náà.